Gàrí ti wálẹ̀, gbèsè ò wálẹ̀: ọ̀rọ̀ màmá alágàrí kan lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ màmá kan sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ń ka nọ́ńbà ọ̀wọ́ngógó lórí rédíò lóṣooṣù, tí àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, tí àwọn kan ń sọ pé irọ́ ni, ọ̀rọ̀ tiwọn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní dárúkọ báńkì kékeré tó yá wọn lówó. Iṣẹ́ ọrọ̀-ajé ni mo kọ́, èmi ni mo máa ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí màmá wà nínú ẹ̀ wo ìwé owó wọn, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìṣirò yìí fi kọjá lójú mi. Màmá fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́, wọ́n ní "Tíṣà, ẹ kọ ọ́ kí àwọn ẹlòmíì lè rí i kà."

Abúlé kan tó wà lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó ni màmá ti ń yan gàrí, ó ti pẹ́ gan. Ẹni tó bá sì mọ gàrí Ìjẹ̀bú mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fi ìkánjú ṣe. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò, á wá wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, ìgbà míì ó máa ń tó ọjọ́ márùn-ún, kó lè kan dáadáa, kí omi ẹ̀ sì ro tán lábẹ́ jáàkì, kí wọ́n tó wá fi asẹ́ kù ú, kí wọ́n tó yan án títí á fi gbẹ, táá wá rí wínníwínní. Gbogbo ọjọ́ yẹn, owó wà nínú àpò, kò tíì padà di owó. Àti pé omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀gẹ́, nínú kílò márùn-ún èèyàn á rí kílò gàrí kan, bó bá dáa ó lè lé díẹ̀, ìyẹn ni pé odidi tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan, àpò oní-50kg mẹ́rin sí márùn-ún ló máa mú wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn torí ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 2024, gbogbo èèyàn ló mọ bí ọjà ṣe rí. Wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò láti ìparí oṣù karùn-ún 2023, bẹntiróò tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti sún mọ́ ₦1,000 nígbà tí 2024 fi ń parí, ibòmíì tiẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Náírà náà, nǹkan bíi ₦470 sí dọ́là kan ni kó tó di àárín oṣù kẹfà 2023, ìgbà tí 2024 máa parí ó ti lé ní ₦1,500. Oúnjẹ wá lọ sókè, àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba ní oúnjẹ fi 40.87% wọ́n sí i lóṣù kẹfà 2024 ju bó ṣe wà lóṣù kẹfà ọdún tó ṣáájú lọ. Gàrí tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ mẹ̀kúnnù di nǹkan tí èèyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì kó tó rà. Inú irú àsìkò yẹn, ẹni tó bá ń yan gàrí ń rí owó. Màmá ń ta àpò kan ní ₦52,000 lóṣù kọkànlá 2024, àwọn oníbàárà ń ti Èkó wá, wọn ò tiẹ̀ ń dúró dúnàádúrà.

Ni màmá bá ní àwọn fẹ́ fẹ iṣẹ́ àwọn lójú. Wọ́n lọ yá mílíọ̀nù kan náírà, ₦1,000,000, lọ́wọ́ báńkì kékeré kan, oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fi máa san án, èlé 4% lóṣooṣù. Wọ́n ra ẹ̀rọ ìlọ ẹ̀gẹ́ tó ń fi bẹntiróò ṣiṣẹ́, wọ́n ra jáàkì tuntun, wọ́n ra agbada méjì, wọ́n wá fi èyí tó kù ra ẹ̀gẹ́ lóko kalẹ̀, ẹ̀gẹ́ tó ṣì wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì wú. Mi ò rí ohun tó burú nínú ìpinnu yẹn rárá. Ẹ̀rọ táá máa ṣiṣẹ́ ni wọ́n fowó rà, wọn ò fi ṣe ìnáwó.

Ẹ jẹ́ ká wo èlé yẹn dáadáa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń yáwó ni wọn ò ṣàlàyé ẹ̀ fún. 4% yẹn, orí mílíọ̀nù kan ni wọ́n ti ń kà á láti oṣù àkọ́kọ́ dé oṣù kẹwàá. Iye kan náà ni lóṣooṣù: ₦100,000 ojú owó, ₦40,000 èlé, àpapọ̀ ₦140,000 lóṣù kan. Bí màmá bá ti san ìdajì ojú owó padà, èlé tí wọ́n ń san kò dín kù, ₦40,000 ṣì ni. Bí èèyàn bá wá ṣírò ẹ̀ lórí owó tó kù lọ́wọ́ wọn gan-an, èlé yẹn lé ní 6.5% lóṣooṣù. Màmá rò pé 4% làwọn ń san. Kò sẹ́ni tó parọ́ fún wọn o, nínú ìwé, 4% ni wọ́n kọ síbẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n fi ń kà á ló gbówó lórí, mo sì gbà pé ó yẹ kí òfin mú gbogbo ayánilówó láti kọ iye tó jẹ́ gan-an síwájú ìwé kí oníbàárà tó tẹ̀ka sí i.

Kí ló dé tí èlé fi ga tó báyẹn? Ara ẹ̀ ni pé yíyá àwọn tó kéré lówó máa ń ná báńkì kékeré lówó púpọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wọn ló ń lọ sí ìsọ̀ lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n ara ẹ̀ tún wá láti Àbújá. CBN, ìyẹn báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wa, ń gbé èlé tirẹ̀, èyí tí àwọn báńkì yòókù ń tẹ̀lé, ga kí ọ̀wọ́ngógó lè rọlẹ̀, kí náírà sì lè dúró. Ìgbà tí 2024 bẹ̀rẹ̀, 18.75% ni, ìgbà tí ìgbìmọ̀ tí Cardoso, gómìnà CBN, ń ṣe alága fún jókòó lóṣù kejì, wọ́n fi 4% kún un lẹ́ẹ̀kan náà, ó di 22.75%, wọ́n sì ń gbé e lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi di 27.50% lóṣù kọkànlá 2024, oṣù kan náà tí màmá yáwó. Wọ́n tún ní kí àwọn báńkì ńlá kó ìdajì owó tí àwọn èèyàn bá fi pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn wá sí CBN. Owó tó kù láti yá èèyàn wá kéré, ó sì wọ́n, báńkì kékeré tó bá ń wá owó tó máa yá èèyàn, inú owó tó wọ́n yẹn lòun náà ti máa wá a.

Nígbà tó di oṣù kejì 2025, ìròyìn jáde pé ọ̀wọ́ngógó ti já bọ́ láti 34.80% ti oṣù Kejìlá wá sí 24.48% lóṣù Kìíní. Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ wa ló bọ́ sí nítòsí, kò sì sí nǹkan míì tí wọ́n ń sọ. Alága ní tó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí ìrẹsì ò wálẹ̀ lọ́jà Òkè-Ajé? Mo ṣàlàyé pé nǹkan méjì ló wà ńbẹ̀ tí kò yẹ kí wọ́n dà pọ̀. Àkọ́kọ́, NBS pààrọ̀ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á. Ọdún 2009 ni wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n wá sọ ọ́ di 2024, oúnjẹ tó ń kó 51.8% nínú ìṣirò tẹ́lẹ̀ ti di nǹkan bíi 40%. Ìwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, a ò lè gbé ti oṣù Kejìlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oṣù Kìíní ká ní ó já. Èkejì, kódà bó bá jẹ́ 24.48% lóòótọ́, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé nǹkan tó jẹ́ ₦1,000 lọ́dún tó kọjá ti di nǹkan bíi ₦1,245, ó ṣì ń wọ́n sí i, eré tó fi ń wọ́n ló dín kù.

Àwọn kan gbà, àwọn kan ò gbà, mi ò dá wọn lẹ́bi, torí ẹni tó ń gba ₦77,000, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Ogun fọwọ́ sí lóṣù kẹwàá 2024, kò sí bí nọ́ńbà ṣe máa dùn létí ẹ̀ tí ìkòkò ẹ̀ ò bá dùn.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà orílẹ̀-èdè jẹ́ àròpọ̀ nǹkan púpọ̀ ni, gàrí ń lọ ọ̀nà tiẹ̀. Bí a ṣe ń jiyàn yẹn, owó àpò gàrí ti ń rọra wálẹ̀ lábúlé. Ìdí ẹ̀ kò farasin fún ẹni tó bá mọ oko. Ẹ̀gẹ́ kì í tètè gbó, oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan àbọ̀ ló máa ń lò nílẹ̀. Ìgbà tí gàrí wọ́n lọ́dún 2024, gbogbo èèyàn tó ní ilẹ̀ ló gbin ẹ̀gẹ́, àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó tiẹ̀ fowó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n bá àwọn gbin sí i, kò sì sẹ́ni tó mọ iye tí ẹnìkejì gbìn. Gbogbo ẹ̀ wá gbó pa pọ̀ lọ́dún 2025. Yàtọ̀ síyẹn, ìjọba ti kéde lóṣù keje 2024 pé kí wọ́n kó àgbàdo, ìrẹsì tí wọ́n ti bó èèpo ẹ̀ àmọ́ tí wọn ò tíì ha á di funfun, àlìkámà àti ẹ̀wà wọlé fún 150 ọjọ́ láìsan owó ibodè, náírà náà sì ti dúró díẹ̀, oúnjẹ míì tó ń bá gàrí du ikùn àwọn èèyàn wá rọlẹ̀. Inú àwọn tó ń ra oúnjẹ dùn. Inú tèmi náà dùn, ẹ má ṣì mí gbọ́, mi ò ní sọ láéláé pé kí gàrí wọ́n kí èèyàn kan lè jèrè.

Màmá ní ìwé kan, irú ìwé àwọn ọmọ iléèwé yẹn, ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya, gàrí wà láàárín àwọn ojú ewé ẹ̀. Ìlà mẹ́ta ni wọ́n fà sí i pẹ̀lú báírò: owó ẹ̀gẹ́, owó iṣẹ́, owó tí wọ́n tà á. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n wò ó, mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, ìyàwó ọmọ wọn ń yan gàrí lọ, mo ṣe ìṣirò ẹ̀ síbẹ̀. Lóṣù kọkànlá 2024, ẹ̀gẹ́ tó máa di àpò kan ń ná wọn ní ₦26,000. Àwọn tó ń bó o, igi ìdáná, bẹntiróò ẹ̀rọ, owó ọkọ̀, gbogbo ẹ̀ ₦14,000. Ó ná wọn ní ₦40,000, wọ́n tà á ní ₦52,000, èrè ₦12,000 lórí àpò kan. Kí wọ́n lè rí ₦140,000 báńkì, èrè àpò méjìlá ti tó. Wọ́n lè yan nǹkan bí ogún àpò lóṣù, nítorí náà wọ́n á san gbèsè, wọ́n á jẹun, wọ́n á tún rí díẹ̀ fi pamọ́. Ìṣirò tó mọ́gbọ́n dání ni.

Ẹ wá wo oṣù kẹfà 2025. Àpò gàrí ti di ₦30,000. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rà kalẹ̀ lóko nígbà tó wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan àpò tí wọ́n bá yan nínú ẹ̀, ₦10,000 ni wọ́n ń pàdánù. Èyí tí wọ́n rà tuntun ti wálẹ̀ sí ₦12,000, ṣùgbọ́n ₦14,000 iṣẹ́ yẹn kò wálẹ̀ rárá, torí ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́ ń ra ìrẹsì, onímọ́tò ń ra epo tó ṣì lé ní ₦800, igi ìdáná ń wá láti ọ̀nà jíjìn. ₦26,000 ló ń ná wọn, wọ́n ń tà á ní ₦30,000, èrè ₦4,000. Kí wọ́n tó rí ₦140,000, ó di èrè àpò márùndínlógójì. Láti méjìlá sí márùndínlógójì! Ogún àpò ni agbára wọn sì mọ. Wọn ò yá kọ́bọ̀ sí i, wọn ò fowó ṣòfò, síbẹ̀ gbèsè kan náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta lórí wọn.

Irving Fisher, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa irú nǹkan báyìí lọ́dún 1933 nígbà tí ọrọ̀-ajé wọn dẹnu kọlẹ̀: tí owó ọjà bá ń wálẹ̀, tí gbèsè sì dúró síbi tó wà, bí àwọn onígbèsè ṣe ń sáré san án náà ni wọ́n ń sáré ta ọjà, ọjà tún ń wálẹ̀ sí i, ohun tí wọ́n jẹ á wá máa wúwo sí i. Orílẹ̀-èdè wa lápapọ̀ kò sí nínú irú ẹ̀ o, torí ọjà lápapọ̀ ṣì ń wọ́n. Ìdí gan-an nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi rí tàwọn alágàrí. Ọ̀wọ́ngógó wà lórí gbogbo nǹkan tí màmá ń rà, ìjábọ́ wà lórí ẹyọ nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n ń tà, èlé wá dúró gbọin sáàárín méjèèjì. Nọ́ńbà orí rédíò kò lè fi ìyẹn hàn yín láéláé, torí ojú ẹni tó ń rà ni wọ́n fi ń wò ó.

Màmá gbọ́kàn lé Ojúde Ọba. Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kẹfà 2025, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú wálé, kò sì sí ẹni tó ń padà s'Ékòó tí kì í gbé gàrí dání. Lóòótọ́, ọjà tà, wọ́n rí owó oṣù kẹfà san, ìyẹn ìkeje nínú mẹ́wàá, wọ́n ti san ₦980,000 nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn alágàrí yòókù náà ló kó tiwọn jáde, iye tí wọ́n ń tà á kò sún sókè. Oṣù keje dé, owó ò sí. Àwọn ọmọ báńkì wá, wọ́n jókòó sábẹ́ igi níwájú ilé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń kọjá ń wò, onídùúró wọn ń pe fóònù léraléra. Ìtìjú yẹn dun màmá ju owó lọ. Wọ́n ti fẹ́ ta ẹ̀rọ ìlọ ẹ̀gẹ́ yẹn kí wọ́n tó wá bá alága wa, èmi ni mo sì ní kí wọ́n má tíì tà á, torí ẹni tó bá ta ẹ̀rọ nígbà tí gàrí ò lówó lórí, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n máa fún un, tí gàrí bá sì tún gbówó lórí padà kò ní ní nǹkan tó máa fi ṣiṣẹ́.

Èmi àti alága bá wọn lọ sí báńkì náà. Ohun tó kù nínú ìwé wọn jẹ́ ₦420,000, ₦300,000 jẹ́ ojú owó, ₦120,000 jẹ́ èlé oṣù mẹ́ta. A ní tí wọ́n bá gba owó wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ló dé tí wọ́n fi máa gba èlé oṣù tí owó ò ní sí lọ́wọ́ oníbàárà mọ́? Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, máníjà wọn ò kọ́kọ́ gbà, nígbà tó yá ó ní òun á gba ojú owó pẹ̀lú èlé oṣù kan, ₦340,000, kí ó tán síbẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n bi báńkì ní ìbéèrè yìí, ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé ó ṣeé bi.

Ẹgbẹ́ ló wá san ₦340,000 yẹn. Bí màmá á ṣe san án padà fún ẹgbẹ́ la jiyàn lé lórí jù. Àwọn kan ní kí wọ́n máa san iye kan pàtó lóṣù bí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ṣe ń san tiwọn. Mo ní rárá, ohun tó pa wọ́n lára níjọ́sí náà la tún fẹ́ gbé lé wọn lórí yẹn. Àbá tí mo mú wá ni pé kí wọ́n máa san owó àpò gàrí kan lóṣooṣù fún oṣù mẹ́tàlá, iye yòówù tí àpò bá jẹ́ lọ́jọ́ ìpàdé. Bó bá dúró sí ₦30,000, ẹgbẹ́ á rí ₦390,000 gbà, èrè ₦50,000. Bí gàrí bá tún já, ẹgbẹ́ á jọ ru ú pẹ̀lú wọn. Bó bá sì gbówó lórí, ẹgbẹ́ á jèrè sí i, ṣùgbọ́n a fi òté sí i: kò ní ju ₦45,000 lọ lóṣù kan. Akápò kọ́kọ́ takò ó gan, ó ní ẹgbẹ́ kì í ṣe alágàrí, ìbẹ̀rù ẹ̀ sì mọ́gbọ́n dání. Mo fi ìwé hàn án pé ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa ló ń ra gàrí jẹ, nígbà tí gàrí bá já, àwọn yẹn á ní owó tó pọ̀ sí i lọ́wọ́ láti san tiwọn, àǹfààní ẹnì kan nínú ilé kan náà lè gbé ìpàdánù ẹnìkejì. Ìyẹn ló mú un rọ̀.

Lóṣù kẹsàn-án 2025, CBN dín èlé wọn kù fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn gbogbo gbígbé sókè yẹn, láti 27.50% sí 27%. Ọ̀wọ́ngógó ti wá sí 20.12% nínú ìṣirò oṣù kẹjọ. Mo gbà pé wọ́n ṣe dáadáa, mo sì mọ̀ pé tí wọ́n bá já a lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, náírà lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí 0.5% yẹn jẹ́ lórí gbèsè mílíọ̀nù kan, kódà ká ní báńkì kékeré gbé gbogbo ẹ̀ fún oníbàárà: ₦5,000 lọ́dún kan. Owó tí màmá ń san fún igi ìdáná lórí àpò díẹ̀ ti kọjá ìyẹn. Ìrànwọ́ fún irú wọn kò lè ti ibẹ̀ wá láìpẹ́. Ohun tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ ni kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ máa kéde iye ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí àwọn èèyàn ti gbìn kí ó tó gbó, kí àgbẹ̀ àti alágàrí lè mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń bọ̀, kí èèyàn má ra oko kalẹ̀ lówó gọbọi. Kí owó tí wọ́n ń yá àwọn tó ń ṣe oúnjẹ náà sì máa tẹ̀lé ìgbà ìkórè, kó má jẹ́ pé láti oṣù àkọ́kọ́ ni wọ́n á ti máa kan ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ń ka owó tí mẹ̀kúnnù fi ń ra oúnjẹ lóṣooṣù, kí wọ́n máa ka owó tí ẹni tó ṣe oúnjẹ náà ń rí pẹ̀lú.

Màmá ń san tiwọn báyìí, àpò kan lóṣù, wọn ò tíì pa oṣù kan jẹ. Ẹ̀rọ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Alágàrí méjì míì nínú ẹgbẹ́ ti wá bi mí bóyá àwọn náà lè yáwó lọ́nà yẹn, akápò ní kí a dúró títí màmá máa fi san tiwọn tán ká tó fún ẹlòmíì, èmi ní tí a bá dúró oṣù mẹ́tàlá, àwọn méjèèjì á ti lọ sọ́dọ̀ àwọn sógundógójì. A máa jókòó lé e lórí nípàdé tó ń bọ̀.